Ilé ni Ọjà ti ń Bẹ̀rẹ̀: Ìtàn Ìpalẹ̀mọ́ Ọjà ní Adó-Èkìtì àti Agbègbè Rẹ̀

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ lórí òwò ní ilẹ̀ Èkìtì, ojú ọjà ni wọ́n sábà máa ń dúró sí. Wọn a sọ ti Ọjà Ọba tí ó wà nítòsí ààfin Ewì ní Adó, wọn a sọ ti èyí tí ó wà nítòsí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, wọn a sì sọ bí àwọn ìyálọ́jà ti ń parí aáwọ̀ àti bí àwọn oníbodè ti ń gba owó lọ́wọ́ èrò. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ ìwé náà jáde títí di 1921, ṣe àlàyé pé àárín ìlú, níwájú ilé olórí ìlú, ni olú ọjà àwọn Yorùbá máa ń wà. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ojú ọjà kọ́ ni òwò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo obìnrin tí ó sọ igbá èlùbọ́ kalẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ìparí iṣẹ́ ni ó ń wò. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà wà ní ẹ̀yìnkùlé, ní etí odò, àti ní orí àpáta tí wọ́n ń sá nǹkan sí, ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú.

Láti lóye èyí, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ bí a ti ń ka ọjọ́ ọjà. Ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa. Bí a bá ná ọjà kan lónìí, ọ̀la yóò kọjá, ọ̀tunla yóò kọjá, ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e náà yóò kọjá, a óò sì tún ná ọjà náà ní ọjọ́ kẹrin sí òní. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà a máa ka òní alára mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe àkókò náà ní ọrún, tí a sì ń sọ pé ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni a ń ná irú ọjà bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ọjà ìsán: ọjọ́ 8 ni ó wà láti ọjà kan dé èkejì, àwọn àgbà sì kà á sí 9. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé ọ̀sẹ̀ Yorùbá jẹ́ ọlọ́jọ́ 5. Àṣìṣe ni, ó sì ti gba máàkì lọ́wọ́ ẹni púpọ̀.

Àwọn ìlú tí ó súnmọ́ ara wọn kì í fẹ́ ná ọjà ní ọjọ́ kan náà. B. W. Hodder, onímọ̀ jọ́gíráfì, ṣe àlàyé ètò yìí nínú iṣẹ́ kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1961 lórí ọjà ìgbèríko ní apá kan ilẹ̀ Yorùbá. Ó fi hàn pé ọjà a máa yípo láti ìlú dé ìlú bí òrùka, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá lẹ́sẹ̀ lè ná ọjà kan lónìí kí ó sì ná òmíràn lọ́la. Àwọn alájàpá ni ètò yìí ṣe lóore jù lọ, àwọn tí wọ́n ń ra nǹkan ní ọjà oko láti tún un tà nínú ìlú. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí ó ń tà kò ní ẹsẹ̀ fún ọjà mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọrún ni tirẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta tí ó wà láàárín kò sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi fún un.

Irú ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Ní alẹ́ ọjọ́ ọjà gan-an ni obìnrin tí ń ṣe irú yóò ti gbé ìkòkò ka iná, nítorí hóró irúgbá le bí òkúta, ó sì ń fẹ́ iná tí kò ní kú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní ọjọ́ kejì, wọn a gún un díẹ̀ tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bó, wọn a gbé e lọ sí odò láti ṣàn án, wọn a sì tún un sè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọn yóò dà á sínú igbá tàbí agbọ̀n tí a tẹ́ ewé sí, tí wọn yóò sì bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa kí ooru má baà jáde. Inú ooru yìí ni yóò wà títí di òwúrọ̀ ọjà. Bí kò bá pẹ́ tó, kò ní fà; bí ó bá pẹ́ jù, òórùn rẹ̀ yóò le ju èyí tí oníbàárà ń fẹ́. Ẹ wá kà á bí àwọn àgbà ti ń kà á: ọjọ́ kìíní fún sísè, ọjọ́ kejì fún bíbó, ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin fún ìbòmọ́lẹ̀, ọjọ́ karùn-ún fún àtẹ. Ó dà bí ẹni pé inú ìkòkò irú ni wọ́n ti yọ kàlẹ́ńdà.

Ti èlùbọ́ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. A ó bẹ iṣu, a ó gé e, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, a ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà ni a ó kó o lọ sá. Ilẹ̀ Èkìtì kún fún àpáta pẹrẹsẹ, ojú àpáta wọ̀nyí sì ni ibi ìsáǹkan tí ó dára jù, nítorí pé ó ń gba oòrùn sára, kò sì ní iyẹ̀pẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn kò mọ ọrún. Ẹni tí òjò bá ká èlùbọ́ rẹ̀ mọ́ orí àpáta, bíbu ni yóò bu, dúdú ni yóò sì dú, iṣu rẹ̀ ti ṣòfò nìyẹn. Ọjọ́ ìsán ni ó bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mu jù, kí ààyè lè wà fún kùrukùru àti òjò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìkòkò. Ìlú Ìsàn, tí ó wà lápá àríwá Adó, jẹ́ ìlú tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ amọ̀. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ní láti wa amọ̀, kí wọ́n gún un, kí wọ́n mọ ọ́n, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà là, kí wọ́n tó kó o jọ sínú igi àti koríko gbígbẹ láti sun ún. Ìkòkò tí a kò jẹ́ kí ó gbẹ tó yóò fọ́ nínú iná. Èyí tí ó bá sán díẹ̀ tí kò sì fọ́ ni ó léwu jù, nítorí ó lè dé ọjà láìjẹ́ pé ojú rí i. Ìdí nìyí tí oníbàárà fi ń fi ìka kan ìkòkò kí ó tó náwó sí i. Bí ó bá dún ketekete, ó jinná. Bí ohùn rẹ̀ bá há, ó ti sán.

Ìka tí ń kan ìkòkò yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn. Kò sí ìjọba tí ó yan alábẹ̀wò fún ọjà láyé ìjọ́un. Ọwọ́, imú àti ahọ́n oníbàárà ni alábẹ̀wò. A ó fọwọ́ ra èlùbọ́ bóyá ó kúnná, a ó gbóòórùn epo, a ó ju gúgúrú kan sẹ́nu. Kì í ṣe pé àwọn ará àtijọ́ kò mọ ẹ̀tàn. Wọ́n mọ bí a ti ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá bo kékeré nínú agbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọjà ọrún jẹ́ ọjà ojúlùmọ̀. Ẹni tí a tàn jẹ lónìí yóò padà wá ní ọrún, ó mọ ibi tí a ń jókòó sí, ó sì mọ ilé tí a ti wá.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù fún èyí ni ọjà tí kò ní olùtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà oko ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó ń lọ sí oko a máa to iṣu tàbí ọsàn sílẹ̀ ní òkìtì òkìtì, a máa fi ẹyọ òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì kọ̀ọ̀kan láti fi iye owó rẹ̀ hàn, a sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èrò tí ó bá fẹ́ rà á yóò ka òkúta, yóò fi owó sílẹ̀, yóò gbé tirẹ̀. Ìwà òtítọ́ ẹni tí ń rà ni a sábà máa ń yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó to òkìtì náà ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Kò sí níbẹ̀ láti dúnàá dúrà, kò sí níbẹ̀ láti bu èènì, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ti ilé ṣa ọjà rẹ̀ kí òkìtì kan má ju èkejì lọ, kí òkìtì kọ̀ọ̀kan sì tó iye òkúta tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òkìtì ni ó ń sọ̀rọ̀ fún un. Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ọjà ojú ọ̀nà yìí kò ní ìpolówó kankan, ó sì ń tà.

Owó alára náà fẹ́ ìpalẹ̀mọ́. Nígbà tí owó ẹyọ ń bẹ lóde, 40 ni a ń sín pọ̀ sí okùn kan, okùn 50 sì jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, ẹrù odidi ènìyàn kan sì ni. Ẹni tí ó ta ọjà púpọ̀ lè nílò alárùú láti gbé owó ju èyí tí ó gbé ọjà wá lọ. Èyí jẹ́ kí ọ̀pọ̀ obìnrin ti ilé mọ ohun tí wọn yóò fi owó rà kí wọ́n tó jáde, kí wọ́n lè fi ẹrù pààrọ̀ ẹrù kí owó má baà di ìṣòro lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà kò sì fi gbogbo ìgbà jẹ́ ibi àlàáfíà. Lábẹ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, àti nígbà Ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ẹni tí ó bá dá rìn lè di ẹrú kí ó tó dé ọjà. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìpalẹ̀mọ́ kò pin sí orí agbọ̀n àti òṣùká: a ní láti mọ ẹni tí a óò jọ rìn, ọjọ́ tí èrò yóò gbéra, àti ẹrù tí ó fúyẹ́ tí ó sì lówó lórí. Iyọ̀ àti aṣọ òkè òkun ń gba ọ̀nà Oǹdó wọlé, ọ̀nà tí Gómìnà Glover ti Èkó mú kí a ṣí ní 1872. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 23 September 1886, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun kò túká kúrò ní bùdó títí di 1893.

Ohun tí ó tẹ̀lé èyí yára. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí a mọ̀ sí òṣómàáló sì kó aṣọ wọ gbogbo ìlú àti abà ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n ń tà á ní àwìn, wọ́n sì ń padà wá lóṣòó de owó wọn. Obìnrin tí ó ń hun kíjìpá lórí òfì ìdúró nínú ilé rẹ̀ kò lè bá aṣọ àwìn díje. Ní 1912 ni a dá ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe àkóso owó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, owó ẹyọ sì ń pòórá díẹ̀díẹ̀. Éépìnnì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè gba ipò rẹ̀, títí tí náírà fi dé ní 1 January 1973.

Owó tuntun yìí yí bí a ti ń to àtẹ padà. A kò lè gé tọ́rọ́ sí méjì. Nítorí náà, nígbà tí nǹkan bá wọ́n, òkìtì tọ́rọ́ yóò ṣì máa jẹ́ òkìtì tọ́rọ́, ṣùgbọ́n ata márùn-ún ni yóò wà nínú rẹ̀ dípò mẹ́jọ. Iye owó dúró, òkìtì ni ó ń rọ. Kòńgò náà dé, ó sì dà bí ẹni pé yóò parí àríyànjiyàn, nítorí irin kì í rọ. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ fi òòlù tẹ ìdí kòńgò wọ inú. Láti ìgbà náà ni oníbàárà ti ń yí kòńgò dà láti wo ìdí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń fi ìka kan ìkòkò.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ṣe àyípadà tí ó jinlẹ̀ jù. Kí ọkọ̀ tó dé, orí ni a fi ń ru ẹrù, orí kò sì lè ru ju ìwọ̀n kan lọ. Ó san kí a ru èlùbọ́ ju iṣu tútù lọ, kí a ru irú ju hóró irúgbá lọ, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ń sọ ẹrù di fúyẹ́, ó sì ń bu owó lé e. Èrè ìpalẹ̀mọ́ sì wà lọ́wọ́ ìyàwó àgbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé etí oko, alágbàtà lè kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ ní tútù láti orí ebè lọ sí ìlú, kí ó sì jẹ́ pé níbẹ̀ ni wọn yóò ti bó o, tí wọn yóò ti lọ̀ ọ́, tí wọn yóò ti dì í. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ka ọkọ̀ sí ìbùkún pátápátá fún àgbẹ̀. Ó jẹ́ ìbùkún fún ọkùnrin tí ó ní iṣu láti tà. Fún obìnrin tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ọjà rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò mọ́ bẹ́ẹ̀.

Gààrí ni a ti lè rí ohun tí àyípadà yìí ná wa. Tẹ́lẹ̀, páànù tí a fi ìṣó lu ihò sí ni a fi ń rin ẹ̀gẹ́, a ó dì í sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e lórí, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí a tó yan án. Ọrún ni ó ń bá a ka ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ dé, ó sì gba àwọn obìnrin lọ́wọ́ iṣẹ́ tí ń bó wọn ní ìka. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí a padà sí páànù. Jáàkì tí ń fún omi inú rẹ̀ dé tẹ̀lé e. Wàyí o, ẹni tí ìkánjú bá mú lè rin ín ní òwúrọ̀ kí ó sì yan án ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀ májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́, kíkan rẹ̀ nínú àpò, fífún omi rẹ̀ àti yíyan án ni ó ń lé májèlé náà jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Òṣúntòkun, ọmọ Èkìtì tí ó kàwé ní Christ's School, Adó-Èkìtì, ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1933, ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1960 lórí àìsàn kan tí ń ba iṣan ẹsẹ̀ àti ojú àwọn ènìyàn jẹ́ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ó so àìsàn náà mọ́ májèlé inú oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí àpò fi wà lábẹ́ òkúta kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn lásán.

Ẹ wo kòkó ní ìdàkejì. Nítorí pé òkè òkun ni ó ń lọ, ìjọba rán alábẹ̀wò sí i: wọ́n ń wò ó bóyá ó ti kan tó nínú ewé, bóyá ó gbẹ, wọ́n sì ń fi í sí ipò kìíní tàbí ipò kejì. Àjọ tí ń ra kòkó fún títà lókè òkun bẹ̀rẹ̀ ní 1947, ti Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn tẹ̀lé e ní 1954, irú àjọ bẹ́ẹ̀ kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1986. Ohun tí ará ìta yóò jẹ ní alábẹ̀wò. Ohun tí ọmọ wa yóò jẹ wà lọ́wọ́ ìka oníbàárà nìkan.

Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ̀ tún jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Ìlú yìí kò jìnnà sí Adó, adùn ìrẹsì rẹ̀ sì ni a fi mọ̀ ọ́n. Rírẹ sínú omi, sísè díẹ̀, sísá àti bíbó ni ìpalẹ̀mọ́ rẹ̀, ibi sísá ni àbùkù sì ti ń wọlé, nítorí ìrẹsì tí a sá sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ títì yóò kó òkúta. Ìjọba fi òfin de ìrẹsì òkè òkun láti 1985 di 1995, síbẹ̀ òfin kò lè ṣa òkúta. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ló fẹ́ràn adùn ti Ìgbẹ́mọ̀ ṣùgbọ́n tí ó ra ti òkè òkun nítorí eyín. Àwọn tí ń tẹ́ tapólì sílẹ̀ kí wọ́n tó sá a mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Kódà àwọn tí ń ta aṣọ òkìrìkà, ọjà tí kò sí ọwọ́ Yorùbá kankan nínú híhun rẹ̀, kò bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Ẹni tí ó ra bélì kan kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Alẹ́ ni yóò tú u, tí yóò ṣà á sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí yóò rán bọ́tìnnì tí ó já, tí yóò sì fi áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́yín-iná lọ èyí tí ó dára jù. Èrè bélì náà ti hàn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní 1 October 1996 ni a yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Adó sì di olú-ìlú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dúró de ọrún kí wọ́n tó rí ata rà. Ọjà ojoojúmọ́ gbilẹ̀, ní Ọjà Ọba àti ní Ọjà Bísí. Ọjọ́ tí ó wà láàárín ọjà méjì sì pòórá fún ẹni tí ń tà níbẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn fi ọgbọ́n yanjú rẹ̀: oníirú kan lè ní ìkòkò mẹ́ta nílé, ọ̀kan lórí iná, ọ̀kan lábẹ́ ewé, ọ̀kan fún àtẹ. Àwọn mìíràn fi ìkánjú yanjú rẹ̀. Àjọ NAFDAC, tí a dá sílẹ̀ ní 1993, ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nípa kábáìdì tí wọ́n fi ń mú kí èso pọ́n kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, àti nípa èròjà tí wọ́n ń dà sínú epo pupa kí ó lè pupa sí i. Ojú oníbàárà rí pupa. Ìka rẹ̀ kò lè kan epo bí ìkòkò.

Síbẹ̀, ní àwọn abà àti ìlú kéékèèké tí ó yí Adó ká, a ṣì ń ná ọjà ọrún. Níbẹ̀, obìnrin tí ó bá ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́ yóò sọ igbá kalẹ̀, yóò ka owó rẹ̀, yóò da hóró irúgbá sínú ìkòkò, yóò sì koná sí i kí ó tó jẹun alẹ́.